Ṣé O Mọ̀? Akọ Màlúù Tó Ń Bá Ọ Ṣeré Gan-an Ni Kó O Ṣọ́ra Fún

Sún mọ́ ibí jàre. Gbé báàgì rẹ kalẹ̀, mi ò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ akọ màlúù ni. Kì í ṣe èyí tó wà nínú ọbẹ̀ o. Èyí tó wà lóko tí wọ́n ti ń fún wàrà ni mò ń wí, ọkọ gbogbo agbo.

Ṣé o mọ àwọn màlúù aláwọ̀ dúdú àti funfun tí wọ́n máa ń yà sára agolo mílíìkì? Holstein ni wọ́n ń pè wọ́n. Akọ wọn tó ti gbó dáadáa lè wọn kílò 1,000, kó tún lé. Àpò ìrẹsì ńlá 20 nìyẹn! Àpò ìrẹsì 20 tó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó sì ń bínú.

Ọjọ́ tí wọ́n bí i ńkọ́? Bíi kílò 40 péré. O lè gbé e sáyà.

Ṣé wọ́n ti sọ fún ọ rí pé kó o má wọ aṣọ pupa kọjá níwájú màlúù? Wọ́n sọ fún èmi náà. Ọmọ kíláàsì wa kan tiẹ̀ bọ́ súwẹ́tà pupa rẹ̀ jù sínú ìgbẹ́ lọ́jọ́ kan tí agbo màlúù ń kọjá, ó sì jẹgba nílé nítorí rẹ̀.

Ẹgba òfo ni! Màlúù kì í rí pupa bí ìwọ ṣe ń rí i. Oríṣi ohun mẹ́ta ló wà nínú ẹyinjú èèyàn tó fi ń mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Méjì péré ló wà nínú ti màlúù. Aṣọ pupa táwọn ará Sípéènì máa ń jù fìrìfìrì níwájú akọ màlúù yẹn, jíjù tí wọ́n ń jù ú ló ń fa ìjà. Bí wọ́n bá ju aláwọ̀ aró, á kàn án náà ni.

Àmọ́ má tíì fojú ẹ̀ ṣẹ̀sín. Bí o bá yí òbírí kan po, díígírì 360 ni. Màlúù ń rí bíi 330 nínú ẹ̀ láì yí orí. Ó ń jẹ koríko, ó ń wò ọ́. O gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, ó ṣì ń wò ọ́. Ẹ̀yìn ìrù ẹ̀ gangan nìkan ni kò rí, ìyẹn ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà yọ́ dé bá a.

Ojú òsì ló sì fi máa ń wo ohun tí kò rí rí. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú òsì! Àwọn olùwádìí ti ṣọ́ ọ lára agbo màlúù oníwàrà. Bí àjèjì ohun kan bá yọ, ọ̀pọ̀ wọn á rọra gbé ara kí ojú òsì lè ráyè wò ó.

Etí ńkọ́? Ìró tó ń gbọ̀n nígbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni òpin etí tìẹ. Màlúù ń gbọ́ èyí tó lé ní 30,000. Irin géètì tó ń han lóko, tí ìwọ ò gbọ́ ohunkóhun níbẹ̀, lè máa ro lórí tiẹ̀ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó dáa. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé akọ màlúù fẹ́ jà? O rò pé á kọjú sí ọ, àbí?

Rárá o. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn ọ́! Á dúró ní ìbú níwájú rẹ, á gbé èjìká sókè, á tẹ orí wálẹ̀, á wá tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ kó o wo bí òun ṣe tóbi tó. Bí ìgbà tí ọmọkùnrin bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kó tó jà ni.

Ojú á yọ síta. Irun ẹ̀yìn á dìde. Á fi pátákò wa ilẹ̀ sẹ́yìn, eruku á bo ikùn ẹ̀. Nígbà mìíràn á kúnlẹ̀, á máa fi ìwo gún ilẹ̀. Bí o bá rí ìyẹn, o ti pẹ́ jù níbẹ̀.

Má sáré. Má kẹ̀yìn sí i. Ẹ̀yìn ni wàá fi máa rìn, díẹ̀díẹ̀, títí wàá fi kan ọgbà. Fìlà rẹ sì lè gbà ọ́ là: bó bá ti ń bọ̀, jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á máa kan fìlà fún ìgbà díẹ̀. Fìlà kì í wọ́n ju egungun ìhà.

Ní ọ̀pọ̀ oko Gẹ̀ẹ́sì, àlàfo kan máa ń wà lára ọgbà akọ màlúù tí o lè rò pé káfíńtà ló gbàgbé ibẹ̀. Kò gbàgbé. Ó fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Èèyàn á gba ibẹ̀ kọjá fìrì, akọ màlúù kò lè gbà á. (Bí ikùn rẹ bá ti yọ díẹ̀, tètè lọ dán an wò kí ọjọ́ tó pé.)

Wàyí o, ta ló burú jù nínú gbogbo wọn? O máa sọ pé èyí tó tóbi jù ni.

Jersey ni! Kékeré báyìí. Bí o bá rí abo ẹ̀, wàá fẹ́ràn ẹ̀: pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, wàrà ẹ̀ ki bí ògì. Ó tutù bí omi àmù. Ọkọ ẹ̀ kì í sábà ju kílò 800 lọ, àmọ́ láàárín àwọn tó ń sin màlúù oníwàrà, òun lorúkọ ẹ̀ burú jù.

Erékùṣù kékeré kan tó sún mọ́ Faransé ni wọ́n ti wá. Lọ́dún 1789 ni wọ́n ṣòfin níbẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ kó màlúù àjèjì wọlé mọ́. Òfin yẹn dúró títí di 2008. 219 ọdún! Ìgbà tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn, àtọ̀ màlúù ni wọ́n gbà láyè, kì í ṣe màlúù fúnra ẹ̀.

Ìwọ tó ń gbé Kent tàbí Yorkshire, ìwọ lèyí kàn. Òfin ọdún 1981 wà ní England àti Wales pé akọ màlúù ìran oníwàrà tó bá ti lé ní oṣù 10 kò gbọdọ̀ sí nínú pápá tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gbogbo ìlú gbà kọjá. Oṣù 10 péré! Ọmọ èèyàn tó jẹ́ oṣù 10 ṣì ń rá.

Ìran méje ni wọ́n kà sí oníwàrà: Ayrshire, Friesian, Holstein, Dairy Shorthorn, Guernsey, Jersey àti Kerry.

Akọ ìran ẹlẹ́ran ńkọ́? Wọ́n gbà á láyè, bí àwọn abo bá wà pẹ̀lú ẹ̀. Òun nìkan? Kò gbọdọ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí baálé ilé má jáde láìmú ìyàwó dání.

Dúró ná, má tíì lọ. Èyí tó ń bọ̀ yìí ni mo tìtorí ẹ̀ pè ọ́.

Lọ́dún 1990, àwọn olùwádìí méjì, Price àti Wallach, tẹ ìwádìí kan jáde. Akọ ọmọ màlúù Hereford ni wọ́n lò, ìran tí gbogbo ayé mọ̀ sí oníwà pẹ̀lẹ́. Wọ́n gba àwọn kan lọ́wọ́ ìyá wọn láti ọmọ ọjọ́ kan sí mẹ́ta, wọ́n ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ sílé tiẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ bọ́ ọ. Wọ́n fọwọ́ bọ́ àwọn mìíràn bákan náà, àmọ́ àwọn yẹn jọ ń gbé pọ̀ ni.

Wọ́n dàgbà. Nínú àwọn adánìkangbé, ìdá 75 nínú 100 ló halẹ̀ mọ́ ẹni tó ń tọ́jú wọn.

Nínú àwọn tó jọ gbé pọ̀? Ìdá 11.

Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. 75 sí 11! Oúnjẹ kan náà, ọwọ́ kan náà ló bọ́ wọn.

Ó tún kù. Àwọn èèyàn yìí kan náà ti bá akọ màlúù tó lé ní 1,000 ṣiṣẹ́, àwọn tí ìyá wọn fọ́mú fún nínú agbo. Mélòó nínú wọn ló kọ lù wọ́n? Ẹyọ kan. Ẹyọ kan ṣoṣo!

Nítorí náà, ọmọ màlúù tí o fi ìka sí lẹ́nu kó máa fà á mu, tí o ń fọwọ́ ti iwájú orí ẹ̀, tó ń tì ọ́ padà, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, òun gan-an ni kó o fura sí. Eré yẹn ni yóò bá ọ ṣe lọ́jọ́ tó bá di kílò 1,000. Ó lè jẹ́ pé kò tiẹ̀ bínú sí ọ. Ó kàn rò pé ẹgbẹ́ òun ni ọ́ ni.

Èwo lo ní í wí sí irun? Bí o bá wo iwájú orí màlúù, wàá rí ibi tí irun ti yí po bí omi tó ń já sínú ihò. Olùwádìí kan, Temple Grandin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ orí àìmọye màlúù wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 1995. Àwọn tí ìyípo irun wọn ga ju ojú lọ ló ń jà gìjàgìjà jù bí wọ́n bá dè wọ́n mọ́lẹ̀. Irun!

Grandin yìí kan náà ló máa ń rá kọjá nínú ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń da màlúù gbà, kó lè fojú ara ẹ̀ rí ohun tí ẹran ń rí. Kí ló rí? Ẹ̀wọ̀n kékeré tó ń mì. Òjìji. Ẹ̀wù tí ẹnì kan fi kọ́ orí ọgbà. Màlúù ńlá á dúró gbagidi nítorí ẹ̀wù olówó pọ́ọ́kú, wọ́n á sì máa fi pankẹ́rẹ́ lù ú lásán.

Gbé ẹ̀wù kúrò. Ó lọ.

Wo èyí náà: bí o bá dúró síbi èjìká màlúù, tí o rọra rìn lọ sápá ìrù ẹ̀, á rìn síwájú. Bí o bá ti èjìká rìn lọ sápá orí, á padà sẹ́yìn. Kò sí igbe. Kò sí ẹgba. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, mo rò pé mo ti di onídán.

Ọ̀rọ̀ ikú díẹ̀, kíá, ká kúrò níbẹ̀. Láàárín 2003 sí 2008, ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, Iowa, Kansas, Missouri àti Nebraska, èèyàn 21 ni màlúù pa. 10 nínú wọn, akọ màlúù kan ṣoṣo ló dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pa. Nínú bí ìdá mẹ́ta gbogbo ikú náà, ẹran náà ti jà rí, wọ́n sì mọ̀. Wọ́n ní kó ṣì wà.

20 nínú wọn, kíkàn àti títẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ẹni kan tó kù? Abo màlúù ló tì í ṣubú, abẹ́rẹ́ oògùn tó fẹ́ gún màlúù yẹn sì wà nínú àpò ẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà gún òun alára. Oògùn ẹran ló pa á.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí imú.

Ibi tó rọ̀ jù lára gbogbo kílò 1,000 yẹn ni awọ tó wà láàárín ihò imú méjèèjì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi òrùka sí, nígbà tó bá wà ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan. Mo ti gbé ọ̀kan sátẹ́lẹwọ́ rí. Ó tó ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé, bàbà tó ń dán, ó la sí méjì bí ìlàjì òṣùpá, síkírù tín-ń-tín kan ló sì so ó pọ̀. Bí wọ́n bá ti dè é tán, wọ́n á ṣẹ́ orí síkírù náà, wọ́n á fi fáìlì yọ́ ojú ẹ̀ kó má bàa ha ẹran lára. Mo gbé e dání, mo ń wò ó: gbogbo agbára yẹn, òrùka yìí ló ń dá a dúró.

Ọ̀pá gígùn kan wà tó ní ìkọ́ lórí. Wọ́n á fi kọ́ òrùka, ọ̀pá á sì wà láàárín ìwọ àti ìwo. Àmọ́ wọn kì í fi òrùka nìkan dè é mọ́lẹ̀. Okùn orí gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú. Imú lè ya.

Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ kan máa ń fi awọ tàbí irin bo ojú akọ màlúù níwájú, ilẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń rí. Kò rí ẹni tó fẹ́ kàn, kò sì ní kàn án.

Àwọn kan sì fún un níṣẹ́! Ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, á máa rìn lójú kan náà, ìrìn ẹ̀ á sì máa fa omi tàbí kó máa po bọ́tà. Ọkọ ìyàwó tó ń po bọ́tà wàrà àwọn ìyàwó ẹ̀.

Wáyà oníná tó ń dá a dúró lónìí ńkọ́? Ẹṣin wà nínú ìtàn ẹ̀. Ní New Zealand, láwọn ọdún 1930, ẹṣin àgbẹ̀ kan, Bill Gallagher, kò yé fi ara ha mọ́tò ọ̀gá ẹ̀. Ọ̀gá fi iná sára mọ́tò. Ẹṣin kò dán an wò mọ́. Ibẹ̀ ni òwò ọgbà oníná ti bẹ̀rẹ̀ fún un.

Iná ọgbà yẹn lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì, àmọ́ á ta á, á sì ti lọ, kò tó ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá kan. Á dùn ún, kò ní pa á. Lẹ́yìn ìgbà kan sí méjì, kò tún fi imú kàn án mọ́.

Èyí tó pa èmi lẹ́nu mọ́ nìyí. Lọ́dún 1963, ní Córdoba ní Sípéènì, dókítà kan tó ń jẹ́ José Delgado bọ́ sí pápá níwájú akọ màlúù oníjà. Ó ti fi wáyà sínú ọpọlọ ẹran náà tẹ́lẹ̀. Rédíò kékeré wà lọ́wọ́ ẹ̀. Màlúù ń bọ̀ fùùù. Delgado tẹ bọ́tìnì. Màlúù dúró! Ìwé ìròyìn New York Times gbé e sójú ewé àkọ́kọ́ lọ́dún 1965.

Ó yà mí lẹ́nu, kò dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá ní láti dá ihò sórí ẹran kó tó lè dúró níwájú ẹ̀, kó lọ máa sin adìyẹ.

Ìgbà tó yá, àwọn àgbẹ̀ rí ọ̀nà tó rọrùn ju gbogbo èyí lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní akọ màlúù lóko mọ́ rárá. Àtọ̀ inú ọ̀pá tín-ń-rín ni wọ́n ń rà.

Àṣìṣe ló ṣí ọ̀nà yẹn. Láyé ọjọ́un, àtọ̀ tí wọ́n bá fi sínú yìnyín máa ń kú ni. Lọ́dún 1949, ní England, olùwádìí kan, Christopher Polge, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bu oògùn inú ìgò kan sí i, wọ́n rò pé ṣúgà èso ni. Ìwé ara ìgò ti pàṣípààrọ̀! Glísírìn ló wà níbẹ̀. Àtọ̀ dì, àtọ̀ yọ́, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tó di 1951, wọ́n ti bí ọmọ màlúù látara àtọ̀ dídì.

Òtútù tí wọ́n ń fi pa á mọ́ jẹ́ díígírì 196 sísàlẹ̀ òdo. Fírísà ilé rẹ ò ju 18 sísàlẹ̀ òdo lọ.

Ṣé o ti gbọ́ orúkọ Toystory? Akọ Holstein ni, ní Wisconsin. Ó lé ní kílò 1,200. Ó kú lọ́dún 2014, ọmọ ọdún 13. Kó tó kú, wọ́n ti ta ọ̀pá àtọ̀ ẹ̀ mílíọ̀nù 2.4. Wọ́n fojú bu ọmọ ẹ̀ sí 500,000, ní orílẹ̀-èdè bíi 50!

Ìyá àwọn ọmọ yẹn, kò fojú kan ọ̀kan.

Toystory nìkan kọ́. Akọ kan wà tí wọ́n bí lọ́dún 1962, orúkọ ẹ̀ ni Pawnee Farm Arlinda Chief. Ọmọbìnrin 16,000. Ọmọ-ọmọ tó jẹ́ abo, 500,000. Àtọmọdọ́mọ ìran kẹta, ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Bàbá rẹ tó bí ọmọ 12 ń fọ́nnu!

Wọ́n tilẹ̀ ń ṣa àtọ̀ báyìí. Àtọ̀ tó máa bí abo wúwo díẹ̀ lóhun ìran inú ẹ̀, bí ìdá 4 nínú 100, ẹ̀rọ kan sì ń fi iná léésà yà wọ́n. Bíi 90 nínú ọmọ 100 ló máa ń jẹ́ abo.

Ó wá ku ẹnì kan. Ẹni tí kò ní wáyà oníná, tí kò ní òrùka imú, tí kò ní àlàfo sẹ̀ǹtímítà 40, tí kò gun ẹṣin, tí akọ màlúù sì wà nínú agbo ẹ̀ lójoojúmọ́.

O mọ̀ ọ́n. O ra wàrà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ lánàá.

Láwọn ọdún 1970, Dale Lott àti Benjamin Hart láti yunifásítì kan ní California wá sí àríwá Nàìjíríà. Àwọn Fúlàní darandaran ni wọ́n wá wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé darandaran kì í wà lẹ́yìn agbo bí ẹni tó ń lé ẹran. Inú agbo ló wà! Ó ti fi ara ẹ̀ ṣe ọ̀gá láàárín wọn. Akọ tó bá gbórí sí i, òun náà á gbé ọ̀pá sókè, á pariwo, á kọ lù ú padà. Bí ìyẹn bá ti rọlẹ̀ tán, á máa fọwọ́ ra á lórí àti lọ́rùn, níbi tí ìyá ẹ̀ máa ń lá.

Mo ti rí i, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi. Gáà kan ni, lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ọmọkùnrin náà kò tíì lè ju ọdún 12 lọ, sálúbàtà ẹ̀ sì ti já létí kan. Akọ funfun kan, ìwo ẹ̀ ga jù mí lọ, ó dúró ní ìbú níwájú mi, ó tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ ohun tó ń wí. Ẹsẹ̀ mi ò gbé.

Ọmọ yẹn ò sáré. Ó bọ́ sáàárín wa, ó na ọ̀pá sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní Fúlàní. Màlúù fẹ́ imú fìn-ìn. Ó yí ojú. Ó padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ méjì.

Ọmọ náà tẹ̀lé e, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọrùn ẹ̀ níbi tí awọ ti wọ́ jọ, ó ń ha á, ó ń ha á. Àpò ìrẹsì tó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin na ọrùn síta bí ọmọ ológbò, ó di ojú.

Ó ṣì ń ha á lọ́rùn nígbà tó bojú wẹ̀yìn wò mí.

“Àlájì, ẹ ò ra wàrà ìyá mi?”